Kí ló ń gé ẹ̀mí ajá kúrú, kí ló sì ń fà á gùn?

Alájá Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ mi, akọ ni. Ẹnì kan ní ìran ajá ló ń pinnu iye ọdún tó máa lò, pé ohun yòówù kí n ṣe, kò lè yí i padà. Ẹnì kejì ní oúnjẹ inú àpò ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kẹta ní kí n má wulẹ̀ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, torí ajá tí kì í jáde kò níbi tó ti máa kó àrùn. Mo tún kà nípa Bobi, ajá ilẹ̀ Pọtogí tí wọ́n ló gbé ọdún 31 láyé. Èwo ni kí n dì mú nínú gbogbo rẹ̀?

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ fi ti Bobi sílẹ̀. Guinness World Records, àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ lágbàáyé, ti gba oyè ajá tó dàgbà jù lọ padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024 torí wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tí àwọn èèyàn ti ń dárúkọ tipẹ́ ni Bluey, ajá darandaran kan ní Ọsirélíà, tó lo ọdún 29 àti oṣù 5 kó tó kú ní 1939. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ajá tó bá pé ọdún 13, tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi oúnjẹ, ìyẹn náà ti jayé.

Ẹni tó ní ìran ni, kò parọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ajá kékeré ń pẹ́ ju ajá gbàǹgbà lọ: Great Dane kì í sábà kọjá ọdún 8 sí 10, nígbà tí Chihuahua lè dé 15. Àwọn tí imú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi Bulldog náà kì í pẹ́ púpọ̀, torí èémí kì í ráyè wọlé dáadáa, ooru sì ń tètè mú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ gbé ajá wálé ni ọ̀rọ̀ ìran ti parí. Tí ẹ bá wá wo ohun tó ń pa ajá tí kò tíì dàgbà, ẹ ò ní rí ìran níbẹ̀. Parvo ni, ìyẹn àrùn tó ń mú ọmọ ajá bì, tó ń mú un yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀; ọkọ̀ ni, oògùn eku ni, eégbọn ni. Gbogbo ìyẹn ló ṣeé dínà mọ́.

* * *

Dókítà Ẹran

Ajá tí kì í jáde, bàtà yín ńkọ́? Kòkòrò parvo ń bá ìgbẹ́ ajá tó ń ṣàìsàn jáde, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tiẹ̀ lé lọ́dún kan. Ọṣẹ lásán kì í pa á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níta, ẹ gbé e wọlé, ọmọ ajá fi ahọ́n lá ilẹ̀, ó tán. Bílíìṣì ló ń pa á: ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n omi 30, lórí ilẹ̀ tí ẹ ti kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án nù. Tí ẹ bá dà á sórí ìgbẹ́, ẹ fi bílíìṣì ṣòfò ni.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni ìdí tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára kan náà léraléra. Ọmọ ajá ń rí ààbò gbà látinú ọmú àkọ́kọ́ tó mu lára ìyá rẹ̀. Ààbò yìí dára, àmọ́ kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ríbi ṣiṣẹ́. Ó ń tán díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 16, kò sì sẹ́ni tó lè fojú wo ajá kó mọ ọjọ́ tó tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ó kéré tán. Èyí tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 16 yẹn ló ṣe kókó jù, òun gan-an sì ni wọ́n ń fò jù, torí ajá ti ń ta kébékébé kiri ilé, wọ́n rò pé ó ti bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un gún kí ọdún kan tó pé, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta-mẹ́ta fún parvo, distemper (àrùn tó ń bá èémí àti ọpọlọ ajá jà) àti àrùn ẹ̀dọ̀ ajá. Ti leptospirosis, tó ń bá ìtọ̀ eku wá, ọdọọdún ni. Ti dìgbòlugi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 12, òfin ibi tí ẹ bá ń gbé ló ń sọ ìgbà tí ẹ ó tún un gún.

Ẹ tún ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín. Inú òtútù, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, ni abẹ́rẹ́ ń gbé. Tí ooru bá ti mú un nínú àpò ẹnì kan láti àárọ̀, omi lásán ni wọ́n gún sí ajá yín lára. Ìgò méjì ni púpọ̀ nínú wọn: ìyẹ̀fun wà nínú ọ̀kan, omi wà nínú ìkejì. Ojú yín ni kí wọ́n ti pò ó, kí wọ́n sì gún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé pélébé tó wà lára ìgò, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì.

Dìgbòlugi kò gba àwàdà. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ajá tàbí lára èèyàn, ikú ló kù. Ẹni tí ajá tí ẹ ò mọ̀dí bá bù jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ẹ wá gbà ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró wo bóyá ajá náà á ya wèrè.

* * *

Alájá Tuntun

Ẹ ṣé, Dókítà. Ẹni tó ta ajá náà fún mi ní òun ti gún un lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé ìyẹn ò kà? Ṣé kí n wá sé e mọ́lé títí ọ̀sẹ̀ 16?

Dókítà Ẹran

Tí kò bá sí káàdì tí ìwé ìgò lẹ̀ mọ́, ẹ kà á sí pé wọn ò gún nǹkan kan. Ẹ gún un ní báyìí, ẹ tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13, ẹ parí rẹ̀ ní 16.

Kí ẹ má sé e mọ́lé o. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ayé. Ẹ gbé e lọ́wọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìró ọkọ̀, kó rí ẹni tó dé fìlà, ẹni tó ṣí agboòrùn, àwọn ọmọdé tó ń pariwo. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kàn kan ilẹ̀ níbi tí ajá tí ẹ ò mọ̀ ti ń yàgbẹ́. Ajá tó bá ti dàgbà láì rí nǹkan kan, gbogbo nǹkan ló máa ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù yẹn ló sì ń sọ ọ́ di ajá tó ń bunijẹ.

Ọmọ Ọdẹ

Tàbí ajá tó já okùn sá wọ àárín títì. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní fèrè láti kékeré! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ: "Wá." Ẹ pè é nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ nínú ilé, nígbàkígbà tó bá wá, ẹ fún un ní nǹkan tó dùn mọ́ ọn, tí kò ju èékánná ìka yín lọ. Ẹ má pè é wá jẹ ìyà láé. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá pè é wá nà, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

* * *

Ìyá Bingo

Gbogbo yín ti gbàgbé aràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ni wọ́n bí taràn-taràn, torí aràn ń gba inú ìyá wọlé sí ọmọ lára, ó sì tún ń gba ọmú. Láti ọ̀sẹ̀ kejì la ti ń fún un lóògùn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí dé ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ìyẹn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wọn ajá kí ẹ tó fún un. Ẹ gorí òṣùwọ̀n lẹ́yin nìkan, ẹ tún gorí ẹ̀ pẹ̀lú ajá lọ́wọ́, ẹ yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Àwọn tó ń fi ojú gé oògùn sí méjì ló ń padà wá sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá rí nǹkan funfun bíi hóró ìrẹsì ní ìdí rẹ̀, aràn pẹlẹbẹ nìyẹn. Kòkòrò kékeré tó ń fò lára ajá ló ń gbé e wá: ajá ń yún ara, ó fi eyín mú kòkòrò náà, ó gbé e mì. Ẹ lè fún un lóògùn aràn títí ọdún á fi yí, tí ẹ ò bá pa èyí tó ń fò, á tún padà wá.

Eégbọn wá ni ọ̀gá wọn. Ẹ wá a sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, inú etí, abẹ́ apá, abẹ́ ìrù, àti abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò. Irin kékeré tí a fi ń fa irun ojú ni kí ẹ fi gbá a mú mọ́ awọ pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ fà á tààrà, jẹ́jẹ́, láì lọ́ ọ. Kí ẹ má finá jó o, kí ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Bí ara bá ń ni ín, ṣe ló máa ń pọ èyí tó wà nínú rẹ̀ sára ajá, ibẹ̀ sì ni àrùn wà.

Ìdí tí wíwẹ̀ ajá nìkan kò fi ń tán an nìyí: abo eégbọn tó ti yó á já bọ́, á gun ògiri, á wọ inú ihò, á yé ẹyin tó lé ní ẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Eégbọn pupa tó wọ́pọ̀ lára ajá lè lo gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ilé láì dé inú koríko rárá. Nítorí náà, oògùn lára ajá kó má sinmi fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, ẹ dí ihò ògiri, ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé.

Ọmọ Ọdẹ

Oògùn kòkòrò oko ńkọ́, Ìyá Bingo? Àwọn kan ń bù ú sómi, wọ́n sì ń fi wẹ ajá. Àwọn míì ń fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà jáde nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pa èéyi, àrùn awọ tó ń mú kí ara ajá máa yún, kí irun rẹ̀ sì máa re.

Dókítà Ẹran

Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀. Oògùn oko tí a pò fún ewé kò ní ìwọ̀n fún awọ ajá. Ó ń gba awọ wọlé, ajá tún ń lá a. Láàárín wákàtí díẹ̀ itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, gìrì á mú un. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò yàtọ̀, àyàfi pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń lọ bá jẹ́jẹ́. Èéyi ajá pín sí méjì, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ ha awọ díẹ̀, kí wọ́n wò ó nínú ẹ̀rọ awò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìkìlọ̀ méjì sí i: ìran Collie àti àwọn ìbátan rẹ̀ lè kú sí ivermectin, oògùn aràn àti kòkòrò ara, tí ajá míì gbà láì sí wàhálà, torí àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní MDR1. Tí ológbò bá sì wà nílé, ẹ má fi oògùn eégbọn tó ní permethrin sára ajá. Ó ń pa ológbò.

Ẹ̀fọn náà ń kó aràn kan wọ ọkàn ajá níbi tí àrùn ọ̀hún wà. Oògùn oṣooṣù ń dínà mọ́ ọn. Àmọ́ ajá tó bá ti kọjá oṣù méje láì tíì lò ó rí gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná.

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Ká wá sórí oúnjẹ, ibi tí ìjà wà. Èmi ò gbà pé oúnjẹ inú àpò ló ń jẹ́ kí ajá pẹ́. Ajá ti wà kí àpò tó dé.

Dókítà Ẹran

Ẹ̀yin méjèèjì tó ń jà, kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ gan-an: ìwọ̀n. Àyẹ̀wò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 mú ajá ìran Labrador 48, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n so pọ̀ ní méjì-méjì. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn jẹ, àmọ́ ohun tí apá kan ń jẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti èkejì. Àwọn tó jẹun díẹ̀ gbé nǹkan bí ọdún 13, àwọn tó jẹ púpọ̀ gbé ọdún 11 àti díẹ̀. Oríkèé ara àwọn tó sanra sì tètè daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí oúnjẹ àpò tí mo mọ̀ tó lè fún ajá ní ọdún méjì sí i bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí, ẹ ò nílò ẹ̀rọ. Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ra ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí egungun ìka ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí egungun ìhà ajá rí lábẹ́ ọwọ́: ẹ ń kà á láì tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, tí ẹ ra orí ẹ̀ṣẹ́ náà, tí ìhà ajá rí báyẹn, ó ti rù jù. Tí ó bá rí bí inú àtẹ́lẹwọ́, ọ̀rá ti bò ó. Ẹ wá dúró sókè orí rẹ̀, ẹ wò ó wálẹ̀: ó yẹ kí ìbàdí fúnwọ lẹ́yìn ìhà.

Iye tó yẹ kó jẹ: ẹ gbé ìwọ̀n rẹ̀ ní kìló, ẹ sọ ọ́ dìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tẹ àmì √ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ọ́ dìlọ́po 70. Fún ajá kìló 10: 10 × 10 × 10 jẹ́ 1000, √ jẹ́ 31.6, √ lẹ́ẹ̀kan sí i jẹ́ 5.62, ní 70, ó di 394 kálórì. Ìyẹn ni fún ajá tó dùbúlẹ̀ lásán. Fún àgbà ajá tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, ẹ sọ ọ́ dìlọ́po 1.6, ó di 630. Tí àpò bá kọ 350 kálórì sí 100 gíráàmù, 180 gíráàmù lóòjọ́ nìyẹn, kí ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ife bù ú. Ife kan náà tí ọwọ́ méjì bù, kì í dọ́gba. Ìpápánu tí ẹ bá ń fún un, kó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì òòjọ́ rẹ̀.

Ọmọ ajá ò sí nínú ìṣirò 1.6 yìí. Òun ń dàgbà, ó nílò tó ìlọ́po 2 sí 3, ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lóòjọ́.

Ìyá Bingo

Sísè nílé ò burú o. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kálísíọ́mù. Ẹran lásán ní fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀, kálísíọ́mù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ara ọmọ ajá á wá lọ máa fà á yọ nínú egungun tirẹ̀, ẹsẹ̀ á tẹ̀, kíkán á máa kán. Ìdàkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: àwọn tó ń fún ọmọ ajá ńlá ní oúnjẹ àpò tó ti pé, tí wọ́n tún ń da ìyẹ̀fun kálísíọ́mù lé e. Ìyẹn náà ń ba oríkèé jẹ́. Ẹ mú ọ̀kan: oúnjẹ tó pé, tàbí sísè tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín ṣètò rẹ̀.

Egungun tí a ti sè kò dára, yálà ti adìyẹ tàbí ti màlúù. Iná ń jẹ́ kó gbẹ, ó ń fọ́ bí ìgò.

* * *

Alájá Tuntun

Àwọn nǹkan wo ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn rárá?

Dókítà Ẹran

Ṣokoléètì, pàápàá dúdú tó korò. Èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, torí kíndìnrín. Àlùbọ́sà àti aáyù, sísè tàbí láì sè, torí wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́. Parasítámọ̀ àti ibuprofen tí ẹ̀yin ń lò fún ara yín. Omi oògùn tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ (coolant), ó dùn lẹ́nu ajá, ó sì ń pa kíndìnrín.

Xylitol ni kò sẹ́ni tó ń sọ. Adùn tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà nínú ṣingọ́ọ̀mù àti ọṣẹ ìfọyín ni. Gíráàmù kan péré lè wó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá kìló 10 lulẹ̀ láàárín wákàtí kan: á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, lẹ́yìn náà gìrì. Tó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ̀dọ̀ ló kù. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí kí ẹ tó fi nǹkan aládùn sílẹ̀.

Oògùn eku ló ń tan èèyàn jù. Ajá jẹ ẹ́ lónìí, ó ń sáré kiri, ó ń jẹun, ẹ ní Ọlọ́run yọ ọ́. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ẹran ìdí eyín á funfun, á máa mí gúlegúle, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú. Fítámì K1 ló ń gba irú èyí tó ń dá dídì ẹ̀jẹ̀ dúró, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kì í ṣe abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Oògùn eku míì wà tí K1 kò kàn, nítorí náà páálí rẹ̀ ṣe pàtàkì ju àlàyé yín lọ. Ẹ mú un dání.

Ẹ má rọ iyọ̀ sí i lẹ́nu kó lè bì. Iyọ̀ yẹn nìkan tó pa á. Ẹ má rọ òróró tàbí mílíìkì sí i, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tó bá jẹ́ pẹtiróòlù tàbí omi tó ń jóni ló mu, kó má bì rárá. Ẹ pe dókítà, ẹ sọ ohun tó jẹ, ìwọ̀n rẹ̀, aago tó jẹ ẹ́, àti kìló ajá.

* * *

Ọmọ Ọdẹ

Ooru náà. Ọkọ̀ tí ẹ dúró sí ibi tí ìta jẹ́ 24 lórí Celsius, inú rẹ̀ á dé 34 láàárín ìṣẹ́jú 10, á dé 43 ní ìdajì wákàtí. Wíńdò tí ẹ ṣí níwọ̀n ìka méjì kò yí nǹkan kan padà. Ara ajá tó dá ṣáṣá jẹ́ 38.3 sí 39.2, tó bá kọjá 41, ọpọlọ àti kíndìnrín ti ń jó. Ahọ́n á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, itọ́ á fà bíi gọ́ọ̀mù, á máa ṣubú.

Ohun tí èèyàn ń ṣe àṣìṣe níbẹ̀: wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á sáré. Ẹ kọ́kọ́ tù ú lára ná. Ẹ da omi sí i lára títí kan ikùn àti abẹ́ itan, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, ẹ máa dà á lọ. Tó bá wálẹ̀ dé 39.4, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ wá gbé e lọ. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀, ṣe ló ń sé ooru mọ́ ọn.

Okùn: kí ìka méjì lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ajá ń dàgbà, ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ti rí ọrùn tí bẹ́líìtì wọ inú ẹran lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣíìpù, ẹ̀rọ bíńtín tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ajá tó sọnù, sábẹ́ awọ rẹ̀, nọ́ńbà 15 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá forúkọ àti fóònù yín sílẹ̀ sídìí nọ́ńbà náà, irin lásán ni.

* * *

Alájá Tuntun

Tí tẹ̀ lọ́dàá ńkọ́? Àwọn kan ní ìwà ìkà ni.

Dókítà Ẹran

Ti akọ yín kò kánjú. Tó bá máa tóbi ju kìló 20 lọ, ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan kí ẹ tó ṣe é, kí egungun rẹ̀ ráyè dàgbà. Àwọn kéékèèké lè ṣe é ní bí oṣù mẹ́fà. Tí kóró kan kò bá sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ.

Ti abo ni ìkà wà, tí a ò bá ṣe é. Ọyún ń kún ilé-ọmọ, ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 lẹ́yìn tó wá akọ. Á máa mu omi bí ẹni pé ọ̀fun rẹ̀ ń jó, kò ní jẹun, inú á wú, nígbà míì ọyún á máa kán, nígbà míì kò ní kán rárá, ìyẹn ló burú jù. Iṣẹ́ abẹ ọjọ́ náà ni, kì í ṣe ti ọ̀la. "Kó bí lẹ́ẹ̀kan ná" kò ní àǹfààní kankan fún ara rẹ̀.

Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń sọ ọ́ di agbada, abọ́ ni.

* * *

Ìyá Bingo

Eyín! Nígbà tí ajá bá fi máa pé ọdún mẹ́ta, ìdí eyín púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹra. Òórùn ẹnu yẹn kì í ṣe òórùn ajá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọṣẹ ìfọyín ti ajá, apá ìta eyín nìkan, ìṣẹ́jú kan, lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìka yín tí ẹ fi aṣọ wé. Eyín ọmọ ajá jẹ́ 28, ti àgbà 42. Láàárín oṣù 4 sí 7 ni wọ́n ń pààrọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí eyín sómúsómú méjì bá dúró ti ara wọn, èyí tó yẹ kó jáde kò jáde nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra ara rẹ̀ láti imú dé ìrù. Kókó tí kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ wọn ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ fi ìka tẹ ẹran ìdí eyín kó funfun, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó yẹ kó ti padà pọ́n.

Dókítà Ẹran

Kí n fi méjì kún un fún ìgbà tó bá dàgbà. Ẹ wọn omi: ẹ bu lítà méjì sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ wọn èyí tó kù lẹ́yìn wákàtí 24. Tó bá mu ju 100 mìlílítà sí kìló kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lọ: kíndìnrín, àtọ̀gbẹ, ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ tún máa ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá sùn: gbígbé àyà sókè àti sísọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Àgbà ajá kì í kọjá 30 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń kọjá rẹ̀ ní alẹ́ méjì tẹ̀lé ara wọn, ó lè jẹ́ ọkàn. Láti ọdún méje lọ, àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

* * *

Alájá Tuntun

Dókítà, ẹ dákun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á báyìí bó ṣe ń sùn. 38 ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pẹ̀lú.

Dókítà Ẹran

Àlá ló ń lá. Ọmọ ajá ń yára mí ju àgbà lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn dákẹ́, kí ẹ tún un kà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe àáyá 15 ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ òní.